Conrad Martens, àtìpó tó fi ọdún mẹ́tàlélógójì ya Sydney: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ẹ bá rí àwòrán èbúté Sydney, ní orílẹ̀-èdè Australia, ti ayé àtijọ́, tí oòrùn ń wọ̀, tí ọkọ̀ ìgbòkun dúró jẹ́ẹ́ lórí omi, tí ìlú sì rí bíńtín lábẹ́ òfuurufú ńlá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ Martens ló ti jáde. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa rẹ̀ kì í pẹ́ jọra, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Mo dáhùn àwọn kan ní gbólóhùn méjì. Àwọn mìíràn wà tí mi ò lè ṣe kí n má jókòó tì.

Ta ni Conrad Martens?

Ayàwòrán ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1801, Sydney ló kú sí ní 1878. Ilẹ̀, omi, òfuurufú àti ìlú ló ń yà, ọ̀dà olómi ló sì fi ya èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀dà olómi kì í nípọn bíi ti olóròóró: omi ni wọ́n fi ń pò ó, bébà funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń tàn jáde bí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe pẹ̀lú ọ̀dà olóròóró lè kùn ún mọ́lẹ̀. Ti olómi kò gbàṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ jọ ti Jámánì. Ọmọ ibo ni gan-an?

Ará Hamburg ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò tó wá ń ṣojú ìjọba Austria ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ àtìpó ni Martens, kó tó di pé òun náà di àtìpó. Bàbá kú ní 1816, ìyá sì kó àwọn ọmọ lọ sí Exeter ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni Copley Fielding, ọ̀gá tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ọ̀dà olómi láyé ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà di ayàwòrán.

Ṣé lóòótọ́ ló bá Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, wọ ọkọ̀ kan náà?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó dìídì wá a lọ. Ní 1833, ó wọ ọkọ̀ ogun Hyacinth, Íńdíà ló ń lọ. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro ló gbọ́ pé Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ Beagle, ń wá ayàwòrán. Augustus Earle tó wà nípò náà ti ṣàìsàn, ara rẹ̀ kò gbé ìrìn àjò mọ́. Martens ní kí Íńdíà ṣì máa sinmi ná. Ó kọrí sí Montevideo, wọ́n sì gbà á síṣẹ́.

FitzRoy kọ lẹ́tà sí Darwin láti sọ fún un pé ayàwòrán tuntun ti dé, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀: ó ní ọkùnrin náà a máa sọ̀rọ̀ lójú oorun, pé kí wọ́n wo òun lórí ṣóńṣó òkè Andes. Ó fi kún un pé ó dá òun lójú pé Darwin á fẹ́ràn rẹ̀, nítorí FitzRoy wà lára àwọn tó gbà gbọ́ nígbà náà pé bí orí ènìyàn bá ṣe rí ni ìwà rẹ̀ ṣe ń rí. Bóyá orí ló sọ ọ́ o, bóyá kì í ṣe orí, ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì jẹ́ títí dọjọ́ alẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Earle, ẹni tí Martens gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀, ti gbé ní Sydney láti 1825 sí 1828, ó sì ya ìlú náà dáadáa. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni Martens gba ipò ọkùnrin yìí, àkọ́kọ́ lójú omi, ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí ilẹ̀.

Kí ló kọ́ nínú Beagle tó wúlò fún un nígbà tó di ayàwòrán ìlú?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Iṣẹ́ Beagle ni láti wọn etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà kí àwọn awakọ̀ òkun lè ní máàpù tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Àwòrán inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìdárayá. Bí òkè kan bá ní ṣóńṣó mẹ́ta, mẹ́ta ni kí o yà, nítorí òkè yẹn ni awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i yóò fi mọ ibi tó wà. Martens kọ́ láti máa yára fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, kó máa kọ orúkọ àwọ̀ àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó tó wá jókòó kùn ún nígbà tí àyè bá yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kú.

Èkejì ni ojú ọjọ́. FitzRoy kò fi ìkùukùu ṣeré rárá. Òun ló wá dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1854, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún aráàlú nínú ìwé ìròyìn bí ojú ọjọ́ ọ̀la yóò ṣe rí. Ẹni tó bá bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ gbé inú ọkọ̀ kò ní fojú kan náà wo òfuurufú mọ́. Ẹ wo àwòrán Sydney èyíkéyìí tí Martens yà, ẹ ó rí i pé ìkùukùu rẹ̀ ní ìtumọ̀: èyí ń gbé òjò bọ̀, èyí ti rọ̀ tán, atẹ́gùn ibi báyìí ló ń fẹ́. Àwọn ayàwòrán mìíràn ń ya ìlú, wọ́n á wá fi ojú ọ̀run dí àyè tó ṣẹ́ kù. Tirẹ̀ yàtọ̀.

Ní oṣù Kẹrin 1834, ó bá wọn gòkè odò Santa Cruz ní Patagonia. Ènìyàn 25 ni wọ́n, nínú ọkọ̀ kékeré mẹ́ta. Omi náà ń sáré débi pé àjẹ̀ kò ràn án, okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ láti etí odò, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, kálukú gba tirẹ̀ bó ṣe kàn án. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó padà sétí òkun. Wọ́n rí òkè Andes lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò dé ibẹ̀, oúnjẹ ló fẹ́ tán. Ṣóńṣó òkè tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójú oorun, iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yí padà.

Kí ló dé tó fi kúrò?

Owó. FitzRoy ti fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ kejì láti fi ran iṣẹ́ lọ́wọ́, ó rò pé ìjọba á san án padà. Ìjọba kọ̀. Ó di dandan kó ta ọkọ̀ náà kó sì dín àwọn òṣìṣẹ́ kù, ayàwòrán sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa lọ. Bó ṣe bá ara rẹ̀ ní Valparaíso, ní orílẹ̀-èdè Chile, nìyẹn, ní ìparí ọdún 1834, láìníṣẹ́ lọ́wọ́.

Ṣé Sydney ló kúkú ń lọ?

Mi ò rò pé ó ní ibì kan pàtó lọ́kàn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Tahiti, ó lo bí ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀, ó ń ya òkè àti ọ̀sà. Ó tún wọ òmíràn tó gba Bay of Islands ní New Zealand, ó sì gúnlẹ̀ sí Sydney ní oṣù Kẹrin 1835. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Martens ò relé. Ọdún kejì tó débẹ̀ ló fẹ́ Jane Carter, ọmọ amòfin kan tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní ìlú náà. Wọ́n bí Rebecca àti Elizabeth. Láti ìgbà náà, òkun ńlá di ohun tó ń wò láti etí bèbè.

Irú ìlú wo ni Sydney nígbà náà?

Kò tíì di ìlú ńlá. Bí 20,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ló gbé wọn débẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ọdún 1840 ni wọ́n tó dáwọ́ kíkó ẹlẹ́wọ̀n wá sí apá ibẹ̀ dúró, 1842 ni ìjọba sì tó fún un ní ipò ìlú ńlá. Ẹgbẹ́ ìlú ẹlẹ́wọ̀n yìí náà ni àwọn olówó tuntun wà: àwọn tó ń sin àgùntàn fún irun rẹ̀, àwọn oníṣòwò èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó rí ilẹ̀ gbà. Wọ́n ń kọ́ ilé ńláńlá, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará ilé ní Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé òde àjò ti yẹ àwọn.

Fọ́tò kò tíì sí. Ọdún 1841 ni wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò ní Sydney, ó sì tún pẹ́ kó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò. Bí o bá fẹ́ fi ilé rẹ han ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ Martens lò ń lọ.

Àwọn wo ló ń sanwó fún un?

A mọ̀ wọ́n, nítorí Martens ní ìwé kan tó ń kọ ọjà tó tà sí, orúkọ ẹni tó rà á, ibi tó yà, iye tó gbà. Ìwé náà ṣì wà ní ilé ìkówèésí ìjọba ní Sydney. Àwọn tó lórúkọ níbẹ̀ ni Gómìnà Bourke, Alexander Macleay tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ìjọba, ìdílé Macarthur tó ní àgùntàn, àti àwọn oníṣòwò.

Ohun tí ìwé yẹn fi yé mi ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ìlú nìkan ló mú un ya ìlú. Ebi náà wà ńbẹ̀. Ilé tó ń bẹ ní Elizabeth Bay, tí Macleay kọ́ láàárín 1835 sí 1839, ó yà á láti ọ̀nà tó pọ̀. Ibi ìran kan tí àwọn èèyàn bá ti fẹ́ràn, ó máa ń tún un yà fún ẹlòmíràn. Àwọn kan ń fi èyí bú u pé iṣẹ́ àṣetúnṣe ni. Mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀. Agbẹ́gilére náà kì í gbẹ́ ìbejì kan ṣoṣo láyé rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ pé òdìkejì omi ló sábà máa ń ti wo ìlú?

Nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé! Ní 1844, òun àti ẹbí rẹ̀ kó lọ sí ilẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ní St Leonards, ní apá àríwá èbúté. Kò sí afárá kankan nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn fi ń sọdá. Ẹni tó bá ń gbé òdìkejì kò ní rí gọ́tà, kò ní gbọ́ ariwo ọjà, kò ní gbóòórùn ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ̀rá àgùntàn. Yóò rí ìlú bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín omi àti ọ̀run.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ gbé ibẹ̀ ló ti fẹ́ràn ìwò yẹn. Àwòrán Sydney tó yà láti àríwá ní 1842 ni wọ́n gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí Thomas Shotter Boys sì tún un yà sórí òkúta kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà púpọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láwọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi òkúta tẹ àwòrán?

Omi àti ọ̀rá kì í bára wọn rẹ́, ohun tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé nìyẹn. Ayàwòrán á fi pẹ́ńsùlù ọlọ́ràá ya àwòrán sórí òkúta dídán. Wọ́n á fi omi pa òkúta náà. Bí wọ́n bá wá yí tàdáwà ọlọ́ràá lé e, ojú ìlà nìkan ni yóò lẹ̀ mọ́. Wọ́n á tẹ́ bébà lé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní ìyà jẹ ẹ́ ní àwọn ọdún 1840. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyà jẹ gbogbo Sydney ni. Owó irun àgùntàn já wálẹ̀, báńkì wó, àwọn olówó àná di ajigbèsè. Macleay tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, gbèsè lé e kúrò nínú ilé ńlá rẹ̀ ní 1845. Bí ẹni tó ń sanwó àwòrán bá fẹ́ pàdánù ilé tí wọ́n yà fún un, ẹ̀yin náà mọ ohun tójú ayàwòrán máa rí.

Martens gbìyànjú gbogbo ọ̀nà. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọnà. Láàárín 1850 sí 1851, ó gbé àkójọ àwòrán 20 jáde nípa agbègbè Sydney, àwòrán àtẹ̀jáde tó ṣeé rà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ojúlówó. Nígbà tó di ìparí 1851, ó fi Sydney sílẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Brisbane, ó sì gba orí ẹṣin káàkiri Darling Downs, láti ilé olówó àgùntàn kan sí òmíràn, ó ń ya ilé wọn, ó ń gba iṣẹ́ sílẹ̀. Orí ilẹ̀ ló gbà padà, ó sì gbà á tó oṣù díẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún ni lákòókò náà.

Ṣé a lè fọkàn tán àwòrán rẹ̀ bí ẹ̀rí?

Ní ti ilé, etíkun àti òkè, bẹ́ẹ̀ ni, dé ìwọ̀n tó pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ń lò ó láti mọ ibi tí ilé kan wà kí wọ́n tó wó o. Fort Macquarie, odi ogun tó máa ń hàn nínú àwòrán rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó yọ sínú omi, wọ́n ti wó o ní 1901. Ibẹ̀ gan-an ni ilé eré Opera House tí gbogbo ayé mọ̀ dúró sí báyìí.

Ní ti ènìyàn, ẹ ṣọ́ra. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀ púpọ̀, ẹ ó rí àwọn onílẹ̀ díẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, tí wọ́n jókòó yí iná ká tàbí tí wọ́n dúró lórí àpáta tí wọ́n ń wo ìlú. Wọ́n kéré, ojú wọn kò hàn. Ilẹ̀ àwọn Gadigal ni apá gúúsù èbúté náà, ti àwọn Cammeraygal ni apá àríwá tí òun fúnra rẹ̀ kọ́lé sí. Lójú tèmi, ohun ọ̀ṣọ́ ló sọ wọ́n dà: wọ́n ń jẹ́ kí iwájú àwòrán ṣókùnkùn díẹ̀ kí ìlú lè tàn. Kò sí ẹni tó sanwó kó ya ìdí tí wọ́n fi kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ṣì fi wọ́n síbẹ̀, èyí ju ohun tí ẹlòmíràn ṣe lọ. Mi ò tíì mọ èwo ni kí n fi ṣe ìdájọ́ nínú méjèèjì.

Ṣé òun àti Darwin tún ríra?

Wọ́n ríra ní oṣù Kìíní 1836, nígbà tí Beagle wá sí Sydney. Darwin ra àwòrán méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gínì mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti odò Santa Cruz tí wọ́n jọ fi okùn fà. Gínì kan jẹ́ pọ́n-ùn kan lé ṣílè kan. FitzRoy náà rà.

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ni. Ní 1862, Martens fi àwòrán odò Brisbane ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, ìwé Darwin ti 1859 nípa bí ẹ̀dá ṣe pilẹ̀ ti dá awuyewuye sílẹ̀ káyé. Martens fi tàwàdàtàwàdà sọ fún un pé òun kò tíì ka ìwé náà, nítorí òun kò fẹ́ gbọ́ pé ìdí kan náà ni òun àti ọ̀pọ̀lọ́ ti wá.

Ẹnì kan ní òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni. Ṣé òun kan náà ni?

Òun náà ni. Ní 1863 ni wọ́n fi í ṣe igbákejì olùtọ́jú ilé ìkàwé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún, owó oṣù sì wá ń wọlé bó ti yẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìtìjú ni. Èmi rò pé ó gbà á sílẹ̀: kò di dandan mọ́ kó máa ya ilé olówó. Ẹ wo ohun tó yà lẹ́yìn náà, ọ̀nà rélùwéè Zig Zag tó gùn lọ gùn bọ̀ lórí òkè nítòsí Lithgow, tí wọ́n ṣí ní 1869, àti omi Apsley tó ń já láti orí àpáta. Inú wọn ṣókùnkùn, wọ́n sì láyà ju àwọn ti àtẹ̀yìnwá lọ. Turner, ayàwòrán ará Lọ́ńdọ̀nù nì, ló ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tó dánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbangba ní Sydney ní 1856. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló tó ráyè tẹ̀ lé e tọkàntọkàn.

Níbo ni mo ti lè rí iṣẹ́ rẹ̀?

Èyí tó pọ̀ jù wà ní ilé ìkówèésí ìjọba ti New South Wales ní Sydney. Méjì nínú àwọn ìwé ìyàwòrán tó lò nínú Beagle wà ní ilé ìkówèésí Yunifásítì Cambridge, a sì lè ṣí wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, ẹ wá èbúté Campbell tó yà ní 1857. Ẹ kọ́kọ́ wo omi, kí ẹ tó wo ilé.

Ibo ni wọ́n sin ín sí?

Ó kú ní oṣù Kẹjọ 1878. Itẹ́ òkú ìjọ St Thomas ní apá àríwá èbúté ni wọ́n sin ín sí, ìyẹn ìjọ tó gbẹ́ ọpọ́n ìrìbọmi rẹ̀ fún wọn láti ara òkúta. Wọ́n ti sọ itẹ́ náà di ọgbà ìgbafẹ́.